Ajá Tí Adìẹ Kò Bá Lára Mu

Nígbà tí mo ṣì ń ru omi lọ sí ṣọ́ọ̀bù bàbá mi ní Tudu, ta ló ń mú ajá lọ sọ́dọ̀ dókítà? Ẹ gbọ́, ẹ̀yin ọmọ-ọmọ mi. Bí ajá bá ti ń họra, bàbá mi á gba ọ́ìlì dúdú lọ́wọ́ àwọn awakọ̀ inú gáréèjì, á dà á sí i lára. "Ìfọ́n ni," báyìí ló máa ń wí. "Ilé kì í gba ajá tó ní ìfọ́n." Ajá á lá ọ́ìlì yẹn... ó parí. Mo rí méjì tó kú bẹ́ẹ̀. Mo sunkún, ṣùgbọ́n ta ni mo fẹ́ sọ fún?

Ó wá kan èmi náà níbí, ní Darkuman, lẹ́yìn tí bàbá yín àgbà kú. Ajá tó fi sílẹ̀ fún mi, Tanímọ̀la, bẹ̀rẹ̀ sí í họra. Kì í ṣe kékeré o. Ó ń lá ẹsẹ̀ títí irun funfun ibẹ̀ fi pọ́n. Etí rẹ̀ wú, ó ń rùn. Abíyá àti ikùn rẹ̀ bó.

Maame Efua, tó ń ta kókò, ògì gbígbóná, lẹ́nu ọ̀nà wa, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ìyá Alata, bí àwọn oníbàárà mi bá ti rí ajá yìí, wọn kì í fẹ́ mu kókò mọ́." Ó gba ọ̀dọ̀ onílé lọ. Onílé ní kí n mú un kúrò kí oṣù tó parí.

Ajá tí ọkọ mi fọwọ́ ara rẹ̀ tọ́? Mo fi okùn sí i lọ́rùn, mo wọ takisí lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran, torí kò sí tòrótòró, ọkọ̀ akérò, tó máa gbà wá.

Obìnrin ni dókítà ẹran náà, mo lè bí i lọ́mọ. Ó wá eégbọn lára ajá, kò rí. Ó fi abẹ ha awọ rẹ̀ díẹ̀, ó fi ẹ̀rọ wò ó. "Màámà, kì í ṣe ìfọ́n. Kò lè ran ẹnikẹ́ni. Ó jọ pé nǹkan kan wà tí ara rẹ̀ kò gbà. Kí ló ń jẹ?"

Mo ní, "Orí adìẹ ni, lójoojúmọ́. Ọkọ mi ló fi kọ́ ọ."

Ó fún un ní oògùn egbò àti ti etí. Ó ní iṣu sísè àti ẹran ewúrẹ́ nìkan ni kó máa jẹ fún oṣù méjì, kò gbọdọ̀ fẹnu kan nǹkan mìíràn, ì báà ṣe eegun. Mo bẹ onílé, ó fún mi ní oṣù mẹ́ta.

Ọ̀sẹ̀ kẹta, ó ti ń sùn láìhọra. Ọ̀sẹ̀ kẹrin... ó tún bẹ̀rẹ̀. Ọkàn mi bàjẹ́. Ṣé dókítà ló ṣì í ni? Mo gbé àga sídìí fèrèsé láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo ń ṣọ́ ọ. Ta ni mo rí? Maame Efua. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ju eegun adìẹ sí ajá mi.

Mo jáde sí i. "Efua, ìwọ tí o ní kí wọ́n lé e?"

Ojú tì í. "Maame, ó ti rù jù. Iṣu ṣáá lẹ fi ń bọ́ ọ. Àánú ẹ̀ ló ṣe mí."

Ẹ wò ó, mi ò lè bínú. Mo jókòó tì í, mo sọ gbogbo ọ̀rọ̀ dókítà fún un. A tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Òun gan-an ló wá di ẹ̀ṣọ́. Oníbàárà tó bá fẹ́ ju nǹkan sí ajá, á di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Nígbà tí oṣù mẹ́ta pé, irun ti hù bò ó, ó ń dán. Dókítà ní ká fún un ní adìẹ díẹ̀ ká lè mọ̀ dájú. Ọjọ́ kẹta, ó ti ń lá ẹsẹ̀. Ẹ̀rí wo la tún ń wá? Bó ṣe fi adìẹ sílẹ̀ nìyẹn. Àìsàn yìí kì í ṣe ohun tó ń lọ pátápátá o, à ń ṣọ́ ọ ni. Onílé fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fọwọ́ pa ajá lórí. Maame Efua sì ń sọ fún gbogbo àdúgbò pé, "Èmi àti Ìyá Alata la wò ó sàn." Mo jẹ́ kó máa sọ ọ́. Òótọ́ ni.

Lónìí, àwọn èèyàn ń fa ajá wá bá mi láti Kaneshie. Èmi tí mi ò kàwé. Mo máa ń bi wọ́n pé, kí ló jẹ lánàá? Wọ́n á ní àwọn ò mọ̀. Ẹni tí kò mọ ohun tí ajá rẹ̀ jẹ lánàá, báwo ló ṣe fẹ́ mọ ohun tó ń yọ ọ́ lẹ́nu lónìí? Ẹ máa fara balẹ̀ wo nǹkan, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ wò ó dáadáa kí ẹ tó lé e.