Orúkọ Tí Màmá Pè Létí Ọ̀sà

Níbi tí a ti ń dúró de búrẹ́dì gbígbóná ní Ibo Road, ní apá Àríwá níbí, ni mo ti gbọ́ bí màmá kan ṣe ń ròyìn ìrìn àjò rẹ̀ fún ọ̀dọ́bìnrin kan tí wọ́n jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

"Àbúrò mi tó wà ní Èkó ló mú mi lọ sí Àgbádárìgì lọ́jọ́ Sátidé, pé ká lọ gbafẹ́ létí ọ̀sà. Ẹni tó ń mú wa káàkiri sọ pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kó ẹrú wọkọ̀ láyé àtijọ́, ìyá ọmọ ò sì ní gbúròó ọmọ mọ́."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ro ìyẹn."

"Ọmọ tèmi ńkọ́? Láti ìgbà tó ti pè mí láti Líbíà pé àwọn fẹ́ wọkọ̀ ojú omi, mi ò gbóhùn ẹ̀ mọ́. Mo dúró létí ọ̀sà yẹn, mo pe orúkọ ẹ̀. Ẹni tó bá gba orí omi lọ kì í fi ipa ẹsẹ̀ sílẹ̀."

"Haba, Màmá! Ṣé ká má gbàdúrà pé kó padà wálé mọ́ ni?"

Màmá fi gèlè nu ojú.

"Ẹ̀yin ará ṣọ́ọ̀ṣì ti gba àdúrà ìyẹn tó. Èmi ni kẹ́ ẹ wá máa gbàdúrà fún báyìí."