Ẹ Kí I Kí Ẹ Tó Ya Á

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ kú àráfẹ́rakù. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà yẹn, ẹ wọlé, ẹ sún mọ́ mi. Ẹ̀yin lẹ ni òkú yìí ju àwa ẹbí lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin nìyí. Pátákó ìpolówó ló ń kùn jẹun, èmi ń ránṣọ ní ṣọ́ọ̀bù tó tẹ̀ lé tiẹ̀. Ṣùgbọ́n bí Sátidé bá ti dé, á tilẹ̀kùn, á kó àwọn ọmọ àdúgbò lẹ́yìn, ó di etí odò, wọ́n á máa ya àwòrán. Ìyá Ewé lẹ ń pè é! Òfin kan ṣoṣo ló ní: ohunkóhun tí o bá fẹ́ ya, jókòó tì í, wò ó, kí o sì fi ewì kí i ná. Igi ni o, aláǹgbá ni o, kí i kí o tó ya á.

Ó mú mi lọ lọ́jọ́ kan. Mo rí ibi tó tẹ́jú lábẹ́ igi, mo fìdí lélẹ̀. Yéè! Èèrà! Mo fò sókè, mo ń gbọn ṣòkòtò, àwọn ọmọ ń fẹ̀rín kú. Ẹ̀gbọ́n mi ò tiẹ̀ dìde. Ó ní, "Ṣé o kí wọn kí o tó jókòó lé wọn lórí?"

Olórí kunkun ni, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Nígbà kan, òjò ká òun àtàwọn ọmọ mọ́ etí odò, gbogbo àwòrán ṣàn pọ̀, àwọn ọmọ fẹ́ máa sunkún. Ó kó bébà tútù náà, ó fi wọ́n kọ́ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù. Ó ní, "Òjò ló bá wa parí ẹ̀." Wọ́n ṣì wà níbẹ̀ dòní.

Màmá kan tó jókòó síbí, mi ò ní dárúkọ, fi ìbínú wá bá a: "Dókítà lọmọ mi fẹ́ dà, ewé lẹ ń fi hàn án!" Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ìyá mi, dókítà tí ò mọ bí wọ́n ṣe ń wo nǹkan, ṣé ẹ máa jẹ́ kó fọwọ́ kàn yín?" Ẹ wò ó, ẹ̀rín ti ń pa á! Látọjọ́ náà, òun ló ń gbé omi mímu tẹ̀ lé wọn.

Nígbà tí àìsàn dá a dùbúlẹ̀, kò bèèrè ṣọ́ọ̀bù, kò bèèrè ilé. Ó kàn ń bi mí ṣáá ni: "Ta ni yóò máa kó wọn lọ?" Ẹ̀rù ń bà á pé ẹ máa padà sídìí fóònù, pé odò á wà níbẹ̀, kò ní sẹ́ni tó ń wò ó. Mo ní kó sinmi ná. Ó sinmi lóòótọ́.

Ẹ gbọ́, ẹ̀yin ọmọ. Bí iná bá kú, a fi eérú bojú. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fọmọ rẹ̀ rọ́pò. Lọ́la la máa sin ín. Ọ̀túnla ni Sátidé. Èmi yìí, èmi tí èèrà lé, màá tilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mi. Ẹ bá mi létí odò. Ẹ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n máa ń sọ fún ẹni tó ń lọ pé kó má jọ̀kùn, kó má jekòló. Ta ni mo fẹ́ sọ ìyẹn fún? Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi tí ẹ ti kí ọ̀kùn, tí ẹ ti ya ekòló! Ó dàárọ̀ o, ọmọ ìyá mi. Ọkàn mi balẹ̀. Bí ẹ bá dé ọ̀hún, ẹ jókòó, ẹ wò ó dáadáa, ẹ kí i. Kí ẹ wá ya á dè wá.