Aago Tí Mo Purọ́ Rẹ̀ fún Dókítà

Ẹ jókòó, ẹ̀yin ọmọ mi méjèèjì, ẹ má sì já lu ọ̀rọ̀ mi. Wọ́n ní oṣù yìí lè má parí lójú mi, mi ò sì ní gbé irọ́ yìí wọlẹ̀. Èmi ni mo gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu bàbá yín.

Ẹ rántí ẹ̀gbọ́n yín ọkùnrin tó kú. Ara rẹ̀ ń jó bí iná, ọrùn rẹ̀ le gbagidi, mo ní ká gbé e lọ sí ọsibítù. Bàbá yín ti kọ́kọ́rọ́ mọ́tò bọ àpò, ó ní, "Ibà lásán ni. Ariwo ẹ ti pọ̀ jù, obìnrin yìí. Ó di ọ̀la." Ọ̀la dé, kò bá ọmọ mi láyé. Háà! Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ń se oúnjẹ fún ọkùnrin yẹn, tí mò ń ṣépè fún un nínú.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, aago méje, ó fi ọṣẹ pa ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó fẹ́ fá irùngbọ̀n. Abẹ bọ́ lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, ẹnu rẹ̀ wọ́, ọ̀rọ̀ ò jáde mọ́. Mo wọ́ ọ sínú mọ́tò. Ẹ wá gbọ́ ìwà ìkà: nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà ọsibítù, mo dúró, mo fi gèlè mi nu ọṣẹ yẹn kúrò tónítóní, kí wọ́n má baà mọ̀ pé àárọ̀ yẹn gan-an ló ṣẹlẹ̀. Ta ló rán mi? Kò sẹ́ni tó rán mi.

Dókítà náà, ọmọbìnrin tí ò ju yín lọ, wo àwòrán inú orí bàbá yín tí wọ́n yà. "Mà, ẹ̀jẹ̀ dídì ló dí iṣan ọpọlọ wọn. A lè ki wáyà tínínrín gba itan wọn lọ sókè, ká fi fà á jáde. Wọ́n lè tún sọ̀rọ̀. Ìgbà wo lẹ rí wọn kẹ́yìn tí ara wọn dá ṣáká?"

Wákàtí kan ò tíì pé. Mo ní, "Ìjẹta ni. A rò pé ibà lásán ni."

"Ìjẹta kẹ̀? Ṣé ó dá yín lójú, mà?"

Bàbá yín fi ọwọ́ òsì di ọwọ́ mi mú, ó ń mirí. Ó gbọ́ mi yékéyéké. Mo ní, "Ó dá mi lójú."

Dókítà ní, "Ó ti pẹ́ jù nìyẹn. Tó bá ti ju ọjọ́ kan lọ, a kì í fà á níbí, kí ẹ̀jẹ̀ má baà ya sínú ọpọlọ."

Ọdún mẹ́sàn-án rèé tó ń wò mí, tí kò lè fẹjọ́ mi sùn. Kí n má tún purọ́: inú mi dùn. Tí mo bá ń fi ṣíbí bọ́ ọ, màá ní, "Ọ̀gá, ẹ sọ̀rọ̀ ná." Ìbínú yẹn ò tíì tán nínú mi dòní o. Àmọ́ ẹ̀yin ò ṣẹ̀ mí, ẹ̀yin náà ni ò gbọ́ ohùn bàbá yín lọ́jọ́ ìgbéyàwó yín. Ẹ foríjì mí. Bí dókítà bá bi yín ní aago, ẹ sọ aago, kódà kó jẹ́ ọ̀tá yín ló wà lórí bẹ́ẹ̀dì.

Ẹ má bá mi bẹ bàbá yín. Mo bẹ̀ ẹ́ láàárọ̀ yìí. Ó kọjú sí ògiri.