Ẹran Tí Wọ́n Gbé Lọ

Nínú ọyẹ́ ọdún 1977, nínú takisí láti Sabon Gari sí Tudun Wada, ọmọbìnrin kan tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ń sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nípa ilé oúnjẹ ará Ítálì tí òun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ.

“Àǹtí, iná ibẹ̀ tutù bí òṣùpá. Sìpàgẹ́tì náà dùn bí ẹni ń lálàá. Mo fi ẹran sílẹ̀ dìgbẹ̀yìn, bí Màámi ṣe kọ́ wa. Ni ọkùnrin tó ń gbé oúnjẹ wá bá gbé àwo lọ, tòun tẹran!”

“Kai! Àwọn ọ̀rẹ́ ẹ ò pè é padà?”

“Wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín wọn ni mo jẹ dípò ẹran. Wọ́n tún ní ká lọ ní Sátidé. Ṣé kí n lọ?”

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ka owó takisí. Èmi ìbá ti dáhùn: mo bá irú àwọn ọ̀rẹ́ bẹ́ẹ̀ jẹun títí mo fi darúgbó, n kò sì tíì dárí jì wọ́n.