Ọjọ́ Mẹ́ta Ni Jímọ̀ Fi Jù Mí Lọ

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ fún mi láyè. Ó ti pé ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti gbé ọ̀rọ̀ kan mì. Mò ń pọ̀ ọ́ lónìí nítorí pé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ la máa ya ìparí eré wa, ojoojúmọ́ sì ni àbúrò mi ń bi mí bó ṣe máa parí. Àbúrò mi, mo ní. Ibẹ̀ gan-an ni irọ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Mi ò ní sọ pé èṣù ló tì mí. Mo gboyè ní yunifásítì. Ohun tí mo ṣe, mo fi làákàyè ṣe é.

Èmi ni mò ń kọ eré tẹlifíṣọ̀n kan tí wọ́n ń yà nínú ilé ìkẹ́rùsí kan ní Òrégún. Ìjà tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ló dá lé. Olùdarí wa máa ń wọ dígí dúdú nínú ilé, ó ń pe eré náà ní iṣẹ́ ọnà. Àwa tó kù ń pè é ní oúnjẹ.

Alápatà ni Jímọ̀, àbúrò tí mo ń wí yìí, ní Oko Ọba. Bàbá kan náà ló bí wa ní Agége, ṣùgbọ́n ìyá mi ni ìyálé, ìyá tirẹ̀ ni ìyàwó. Àwọn méjèèjì lóyún lásìkò kan náà. Ìyá Jímọ̀ lọ bímọ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Wọ́n bí mi ní ọjọ́ Ajé. Wọ́n ti sọ mí lórúkọ tán kí ìròyìn tó dé pé ìyàwó ti bí ọkùnrin. Ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n bí i, Jímọ̀ náà ni wọ́n sọ ọ́.

Gbogbo ilé gbà pé ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀lé ọjọ́ Ajé tèmi ni. Nígbà tí ìyá rẹ̀ padà dé, ó ní rárá o, ọmọ òun ló ṣáájú. Ìyá mi dá a lóhùn: "Ìyàwó, ṣé iwájú mi lo wọlé yìí ni, àbí ẹ̀yìn mi? Ọmọ ẹ náà á tẹ̀lé ọmọ mi." Ìyá Jímọ̀ gbà bẹ́ẹ̀. Ó kú kí Jímọ̀ tó gbọ́n.

Bí Jímọ̀ ṣe ń pè mí ní ẹ̀gbọ́n nìyẹn. Ó ń sọ "ẹ" fún mi, èmi ń sọ "ìwọ" fún un.

Nígbà tí bàbá wa kú, wọ́n ní kí èmi tí mo kàwé yẹ àpótí wọn wò. Mo rí lẹ́tà tí àfáà kan kọ sí wọn láti Ìjẹ̀bú-Igbó. Bàbá wa ò mọ̀wé, wọ́n kàn ká a síbẹ̀ ni. Ọjọ́ tí wọ́n bí Jímọ̀ wà nínú rẹ̀. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ọjọ́ Jímọ̀ tó ṣáájú ọjọ́ Ajé tèmi ni.

Ọjọ́ kejì ni ẹbí fi mí jẹ dáwódù, ìyẹn ọmọkùnrin àgbà tó máa rọ́pò bàbá. Mo ti lẹ́tà náà bọ àpò. Jímọ̀ ló kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ kí mi.

Ẹ wá wo ẹ̀sín. Nílé wa, dáwódù ló ń kọ́kọ́ mú ọ̀bẹ lọ́jọ́ Iléyá. Jímọ̀ ń pa màlúù lójoojúmọ́. Èmi, bí mo bá rí ẹ̀jẹ̀, òòyì ń kọ́ mi. Màá dijú, màá fọwọ́ kan ọ̀bẹ, Jímọ̀ á gbà á, á ní, "Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n." Àgbò á máa wò mí bí ẹni tó ti ka lẹ́tà yẹn.

Lọ́dún tó kọjá, ìtàn tán nínú mi. Mo bá kọ tiwa: àbúrò tó gba ipò ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Láṣùpọ̀ ni mo pe àbúrò burúkú náà. Gbogbo ènìyàn kórìíra rẹ̀, ṣùgbọ́n ti Jímọ̀ lé kún. Ó pè mí lórí fóònù láti ìsọ̀ rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, olè ni Láṣùpọ̀ yẹn o! Ẹni tó lè jí ipò àgbà, kí ni kò ní jí?"

"Ṣé kí mọ́tò gbá a ni?"

"Rárá o. Tó bá kú, ó bọ́ nìyẹn. Ẹ jẹ́ kó dọ̀bálẹ̀! Àwọn ará ibí tiẹ̀ ń bi mí pé ṣé ìtàn ilé wa ni."

"Kí lo wá sọ?"

"Mo ní kí wọ́n lọ jókòó. Ẹ̀gbọ́n tèmi? Ẹ̀gbọ́n tó ń sá fún ẹ̀jẹ̀ àgbò?"

Ó rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo ní ìtàn àròsọ ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má retí ẹkún lójú mi. Kí ni ọjọ́ mẹ́ta? Ọbẹ̀ tí wọ́n bá ń gbé kaná dáadáa kì í tíì kan láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ bú mi, ẹ lọ yẹ àpótí bàbá tiyín wò ná. Ẹ má sì bi mí pé bí kò bá jẹ́ nǹkan kan, kí ló dé tí mi ò dá a padà. Mo ti bi ara mi.

Iléyá ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Ṣé kí n jẹ́ kí Láṣùpọ̀ dọ̀bálẹ̀ nínú eré, kí Jímọ̀ pàtẹ́wọ́, kí n sì tún di ọ̀bẹ mú? Àbí kí n mú lẹ́tà lọ sí Oko Ọba, kí n na gbalaja sínú ẹ̀jẹ̀ màlúù níṣojú àwọn alápatà? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ẹ má wàásù fún mi.

Ẹ wò ó, láti ìbẹ̀rẹ̀ ni mo ti ń sọ "ẹ" fún ẹ̀yin tí mi ò mọ̀ rí. Kò ni mí lára rárá. Jímọ̀ nìkan ni mi ò tíì sọ ọ́ fún.