Ẹ̀gbọ́n Mi Kì í Ṣe Àjẹ́, Mo sì Mọ̀

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ lọ́kàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbọ́ ọ. Ohun tó mú mi sọ ọ́ ni pé lọ́sẹ̀ tó kọjá, nínú ọjà Òkìtìpupa, mi ò mọ ọ̀nà ilé mi mọ́. Mo ń ṣe bí ẹni tó ń yẹ bàtà wò títí ọ̀nà fi padà wá sí mi lórí. Oníbàtà ní, "Bàbá, ti obìnrin mà nìyẹn o."

Ìjù-Odò ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń gbé. Púpurú, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ tí a máa ń yan lórí iná, ló ń ṣe tà. Nígbà tó yá, ó ń gbàgbé rẹ̀ sórí iná. Ó ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà àwọn ẹlòmíì, ó ń béèrè ọkọ rẹ̀ tó ti kú. Àdúgbò ní àjẹ́ ni.

Wọ́n mú un wá sí ṣọ́ọ̀ṣì wa. Èmi náà wọ sùtánà funfun, mo jókòó síwájú.

Wòlíì bi í pé, "Màmá, ṣé ẹ̀yin lẹ ba ayé ọmọ yín jẹ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi."

Bí wọ́n bá ní òun ló gbẹ́ òkun, bẹ́ẹ̀ ni náà ni ì bá wí.

Mo mọ̀ pé àìsàn ìgbàgbé ni. Bó ṣe mú bàbá wa nìyẹn. Oko la fi í pamọ́ sí títí ó fi kú. Ṣùgbọ́n mo dákẹ́. Bí mo bá ní ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa, èmi ló kàn. Ẹ̀rù bà mí, ẹ jọ̀ọ́. Ó rọ̀ mí lọ́rùn kí ẹ̀gbọ́n mi jẹ́ àjẹ́ ju kí èmi jẹ́ àbúrò rẹ̀ lọ.

Látìgbà náà, Adé ọmọ rẹ̀ kò jẹ́ kí àwọn ọmọ tirẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ìyá àgbà wọn mọ́. Kò sẹ́ni tó ń bá ẹ̀gbọ́n mi sọ̀rọ̀. Ó wá burú sí i.

Lẹ́yìn ti ọjà yẹn, mo lọ rí dókítà. Ó ní, "Bàbá, ó lè wà nínú ẹ̀jẹ̀, àmọ́ kì í mú gbogbo ẹbí. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti dídá gbé láìrẹ́ni bá sọ̀rọ̀ a máa dá kún un."

Àwa la dá kún tirẹ̀.

Ní báyìí, Adé fẹ́ kí wọ́n fi ìyá rẹ̀ sínú ààwẹ̀ ìtúsílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ara rẹ̀ ò lè gbà á. Bí mo bá sọ òtítọ́, wọ́n á fi í sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rù tí mò ń sá fún á wọ Adé náà lára. Ọmọ ẹ̀jẹ̀ yẹn lòun náà.

Lánàá, mo dé ilé Adé. Ọ̀rọ̀ òjò ni mo bá a sọ, mo sì padà sílé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́n jù mí lọ, kí ni gbólóhùn àkọ́kọ́ tí mo máa sọ fún Adé?