Òrí tí Màmá Fi Ń Pa Ìka

Màmá, kí ẹ tó gbọ́ ohùn Jamaldeen, ẹ gbọ́ tèmi ná. Èmi Qàwíyyàt ọmọ yín ni. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yín ni mo jókòó sí tí mo ti ń gba ohùn yìí sínú fóònù, torí n ò lè wo ojú yín kí n sọ ọ́. Ohun tí mo gbé mì láti ọdún tó kọjá ti fẹ́ pa mí. Ẹ jẹ́ kí n bì í.

Ẹ rántí ọjọ́ tí Jamaldeen ẹ̀gbọ́n mi mú fóònù yìí ti Àbíjáǹ bọ̀. Ó gbé ìka yín lé e, ó ní, "Màmá, tí ojú ò bá ríran dáadáa mọ́, ìka yín ni kọ́kọ́rọ́. Ohun tí ẹ bá fọwọ́ kàn á pe orúkọ ara rẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, á ṣí." Gẹ̀ẹ́sì tí fóònù ń sọ ò yé yín, ṣùgbọ́n tó bá ti pe orúkọ Jamaldeen, ẹ̀rín yín á dé ìta. Ìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi ní kí ẹ wá máa bá òun gbé lọ́hùn-ún, tí ẹ sì ní, "Ó dáa, ọmọ mi," ni ọkàn mi yí padà. Èmi tí mò ń gbé omi ìwẹ̀ yín, tí mò ń fà yín lọ́wọ́ lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn ojú, ta ni ẹ fẹ́ fi mí sílẹ̀ fún? Owú ni, Màmá. N ò ní orúkọ mìíràn fún un.

Níbi tí ẹ ti ń kírun Àsárì, mo yọ ìka yín kúrò nínú fóònù, mo fi tèmi sí i, mo sì pa ohùn rẹ̀. Ẹ gbé e, kò fọhùn. Mo ní, "Ẹ̀gẹ́ tí ẹ bó, gààrí tí ẹ yan fún ọgbọ̀n ọdún, ti jẹ ojú ìka yín. Fóònù ò mọ̀ yín mọ́." Ẹ gbà mí gbọ́. Láràárọ̀ ni ẹ ń fi òrí pa ìka náà kó lè rọ̀. Ẹ á ní, "Qàwíyyàt, wò ó, ṣé kò tíì tó?" Èmi á ní, "Ó kù díẹ̀." Ẹnu mi yìí náà ni.

Ibẹ̀ kọ́ ló burú sí. Àìsàn dá Jamaldeen dùbúlẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló fi ohùn ránṣẹ́ sí yín, èmi nìkan ni mo gbọ́ ọ. Ó pè mí lórí fóònù tèmi, mo ní ẹ lọ sí Masifa. Mo rò pé ibà lásán ni. "Bọ̀nsúù" tí wọ́n fi ń kíni lọ́hùn-ún ló máa ń fi bẹ̀rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nínú èyí tó kẹ́yìn, kò sí bọ̀nsúù. Ó ní, "Màmá, kí ni mo ṣe tí ẹ ò fi dá mi lóhùn? Ẹ ṣáà ṣàdúà fún mi." Mo ní tó bá di ọ̀la, màá jẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ. Ọ̀la ọ̀hún ni Ṣàkírù tí wọ́n jọ ń gbé pè pé àwọn ti sin ín. Ẹ sunkún, ẹ ní, "Ọmọ mi ò tiẹ̀ wá mi kó tó lọ." Ó wá yín, Màmá. Ó wá yín títí.

Láàárọ̀ yìí mo dá ìka yín àti ohùn fóònù padà. Bí ẹ ṣe fọwọ́ kàn án ló ṣí. Ẹ ní, "Àlùhámúdúlíláì, òrí yẹn ti ṣiṣẹ́." Mo gbà á lọ́wọ́ yín, mo ní kó gba iná díẹ̀. Irọ́ mi tó kẹ́yìn nìyẹn. Òrí kọ́, Màmá. Kò sí nǹkan kan tó ṣe ìka yín rí.

Ohùn Jamaldeen mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà nísàlẹ̀ tèmi. Mo ti yọ ìka tèmi kúrò, kò sí ẹni tó lè tì í mọ́ yín mọ́. Tí ẹ bá lè forí jì mí, ẹ pè mí, mo wà lẹ́nu ọ̀nà. Tí ẹ ò bá pè, omi ìwẹ̀ yín á ṣì gbóná lọ́la.